Màlúù Tí Kò Nírù, Olúwa Ló Ń Bá A Lé Eṣinṣin: Ṣé Ẹranko Ní Ọkàn Lójú Onígbàgbọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ló ń bá a lé eṣinṣin. Ènìyàn la sábà máa ń pa òwe yìí fún: ọmọ òrukàn, opó, àlejò tí kò lẹ́nìkan. Ṣùgbọ́n kí òwe náà tó lè bá ènìyàn mu, ó ní láti kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ lára màlúù. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ti gbà pé Ẹlẹ́dàá ń wo ẹran orí pápá, pé Ó rí eṣinṣin tó bà lé egbò ẹ̀yìn rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà sì kàn Án. Ibẹ̀ ló yẹ kí Kristẹni ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ń bèèrè bóyá ẹranko ní ọkàn. Ibòmíràn lọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀: a ó bèèrè bóyá ajá tó kú máa wọ ọ̀run, ẹnì kan á ní rárá, ẹlòmíràn á ní bẹ́ẹ̀ ni, àríyànjiyàn á gba gbogbo ọjọ́ náà, ẹran tó wà láàyè lẹ́yìnkùlé kò sì ní rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lákọsílẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì orí 2 sọ pé erùpẹ̀ ilẹ̀ ni Olúwa Ọlọ́run fi mọ ènìyàn, tó sì mí èémí ìyè sí i nímú. Nígbà tó di ẹsẹ 19, ilẹ̀ kan náà ló fi mọ ẹran ìgbẹ́ àti ẹyẹ ojú ọ̀run. Orí 1 ẹsẹ 30 ní ìyè wà nínú wọn. Orí 7, níbi tó ti ń ròyìn ìkún omi, kó ènìyàn àti ẹranko pọ̀ sójú kan: gbogbo ohun tó ní èémí ìyè ní ihò imú. Sáàmù 104 wá sọ ẹni tó ni èémí náà: bí Ọlọ́run bá gbà á, wọn a kú, wọn a padà sí erùpẹ̀, bí Ó bá rán ẹ̀mí Rẹ̀ jáde, a dá wọn. Bó bá jẹ́ pé ohun tí à ń bèèrè ni bóyá ìyè tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá wà nínú ẹranko, Bíbélì ti dáhùn, kò sì fepo bọyọ̀.

Ìyàtọ̀ wà, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Ènìyàn nìkan ni Jẹ́nẹ́sísì 1:27 sọ pé a dá ní àwòrán Ọlọ́run. Ènìyàn la fún lófin, òun ló rú u, òun náà la pè sí ìrònúpìwàdà. Ewúrẹ́ kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní ká pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́ ti kúrò nínú ẹ̀kọ́ Kristẹni, bó ti wù kí ìfẹ́ ẹranko pọ̀ tó lọ́kàn rẹ̀. Jésù fúnra Rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ pé wọ́n níye lórí ju ọ̀pọ̀ ológoṣẹ́ lọ.

Ológoṣẹ́ yẹn gan-an, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Mátíù 10:29 sọ pé méjì ni wọ́n ń tà ní owó ẹyọ kan. Lúùkù 12:6 sọ pé márùn-ún ni wọ́n ń tà ní owó ẹyọ méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Ìkarùn-ún, ènì ni. Ẹni tó rà kò sanwó fún un, ẹni tó tà kò kà á kún owó. Òun náà sì wà nínú àwọn tí Jésù sọ pé Ọlọ́run kò gbàgbé ọ̀kan nínú wọn. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ẹsẹ yìí, gbogbo wọn ló sáré kọjá lọ sórí ènìyàn. Kò burú, ibẹ̀ ni Jésù ń lọ. Àmọ́ orí òótọ́ tó kọ́kọ́ sọ nípa ẹyẹ ni ìtùnú tó fún wa dúró lé. Bí Ọlọ́run kò bá ka ẹyẹ ènì sí, kí wá ni àǹfààní pé a sàn ju ológoṣẹ́ lọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú. Oníwàásù orí 3 sọ pé ohun tó ń ṣe ọmọ ènìyàn ló ń ṣe ẹranko, èémí kan náà ni wọ́n ń mí, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ó wá bèèrè pé ta ló mọ̀ nípa ẹ̀mí ènìyàn tó ń gòkè, àti ẹ̀mí ẹranko tó ń sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀? Àwọn kan máa ń ka ìdajì ẹsẹ yìí bí ẹni pé ìdáhùn ni. Ìbéèrè ni, ọlọ́gbọ́n tó béèrè rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìjọ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Thomas Aquinas, olùkọ́ ńlá ìjọ Kátólíìkì tó kú ní 1274, kọ́ni pé ẹranko ní ọkàn lóòótọ́, ọkàn tó ń ríran, tó ń gbọ́ràn, tó ń mọ ìrora, ṣùgbọ́n tí kò lè dá wà láìsí ara. Bí ara bá kú, òun náà parí. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, 1 Tẹsalóníkà 5:23 ni wọ́n dì mú: ènìyàn ní ẹ̀mí, ọkàn àti ara, ẹranko ní ọkàn àti ara, kò ní ẹ̀mí tó lè jọ́sìn. Àwọn Adventist ní tiwọn sọ pé ọkàn kì í ṣe ohun tó ń fò jáde lára ẹnikẹ́ni nígbà ikú, odindi ẹ̀dá alààyè ni. John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gun ẹṣin káàkiri láti wàásù, mú Róòmù 8 ní 1781, ó sì sọ gbangba pé òun gbà pé ìdáǹdè tí à ń retí yóò kan àwọn ẹranko náà. Ní oṣù Kejìlá 2014, ìròyìn gba ayé kan pé Póòpù Francis sọ fún ọmọ kan pé á tún rí ajá rẹ̀ lọ́run. Kò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ilé ìròyìn tó gbé e sì padà wá ṣàtúnṣe. Ohun tó kọ ní 2015, nínú Laudato Si', lẹ́tà rẹ̀ lórí ìtọ́jú ayé, ni pé nínú ìyè àìnípẹ̀kun gbogbo ẹ̀dá, tí a ti pa lára dà nínú ògo, yóò ní àyè tirẹ̀. Kò dárúkọ ajá ẹnikẹ́ni.

Èrò tèmi nìyí. Ẹni tó bá ní ọ̀run ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹranko ti sọ ju ohun tí a kọ lọ. Àwọn kan á fa Ìfihàn 22:15 yọ, pé lóde ni àwọn ajá wà, wọ́n á sì gbàgbé pé oṣó, apànìyàn àti òpùrọ́ ni ẹsẹ náà kà mọ́ wọn. Àwọn oníwà ìbàjẹ́ ló ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ajá tó ń ṣọ́lé. Ẹni tó bá sì ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé dájúdájú á bá ológbò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà párádísè, òun náà ti sọ àsọdùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Diutarónómì 29:29 ní ti Olúwa ni ohun ìkọ̀kọ̀. Ohun tó hàn sí wa ni Róòmù 8: gbogbo ẹ̀dá ń kérora, kì í ṣe nípa ìfẹ́ inú ara wọn ni wọ́n fi wọ inú asán, a ó sì dá wọn nídè kúrò nínú ẹrú ìdibàjẹ́. Àìsáyà 11 náà hàn sí wa, ìkookò pẹ̀lú ọ̀dọ́ àgùntàn, ọmọ kékeré tó ń da wọn. Ẹni tó bá ka ibi méjèèjì yìí kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ayé tuntun tí Ọlọ́run ń mú bọ̀ yóò ṣófo ẹran àti ẹyẹ.

Mo ti sọ ti ọ̀run tó. Òwe kejì ló ká mi lára jù: ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ó ní ìdí tí àwọn kan fi ń fẹ́ kí ìdáhùn jẹ́ rárá. Bí ẹranko kò bá lọ́kàn, a jẹ́ pé lílù rẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ebi tó ń pa á kì í ṣe nǹkan, dídì í mọ́lẹ̀ nínú oòrùn láìsí omi kì í ṣe nǹkan. René Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé tó kú ní 1650, fi ẹranko wé ẹ̀rọ, àwọn tó tẹ̀ lé e sì gbé ọ̀rọ̀ náà débi tí ìgbe ẹran kò fi tu irun kankan lára wọn mọ́. Ìwé Mímọ́ kò gba ibẹ̀ kọjá rárá. Òwe 12:10 ní olódodo a máa ka ẹ̀mí ẹran rẹ̀ sí. Òfin ọjọ́ ìsinmi nínú Ẹ́kísódù 20 dárúkọ ẹran ọ̀sìn. Diutarónómì ní kí a má di akọ màlúù tó ń pakà lẹ́nu, kí ẹni tó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ má kó ìyá pẹ̀lú ọmọ. Kò síbi kankan nínú àwọn òfin wọ̀nyí tí Ọlọ́run ti ní kí a kọ́kọ́ wádìí irú ọkàn tí ẹran náà ní.

Ẹ wá wo Númérì 22. Wòlíì Báláámù ń lọ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, áńgẹ́lì Olúwa dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú idà. Ẹran rí i, wòlíì kò rí i. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yà sínú pápá, ó jìyà rẹ̀. Ó fara ti ògiri láàárín ọgbà àjàrà, ẹsẹ̀ Báláámù há, ó tún jìyà rẹ̀. Níbi tóóró tí kò ti sí àyè láti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ó wólẹ̀ sábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀pá tún bọ́ sí i lára. Olúwa wá la ẹnu rẹ̀, ó sì bèèrè pé kí lòun ṣe tí wọ́n fi lu òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣebí òun ni Báláámù ti ń gùn títí di òní, ṣé òun ṣe báyìí sí i rí? Báláámù ní rárá. Nígbà tí ojú wòlíì là, kí áńgẹ́lì náà tó sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò tó burú, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé: kí ló dé tí o fi lu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Ó tún fi kún un pé bí ẹran náà kò bá yà, òun ìbá ti pa Báláámù, òun ìbá sì dá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé ẹran lásán ni, ẹ ní kó tún orí yìí kà.

A fún wa láṣẹ lórí ẹranko, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn Kristẹni kan ti jẹ́ iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ láìdúró de òpin àríyànjiyàn. Ní 1824, Arthur Broome, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, wà nídìí ìpàdé tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ tí yóò máa gbèjà ẹranko sílẹ̀ ní London. William Wilberforce tó bá òwò ẹrú jà wà níbẹ̀. Gbèsè ẹgbẹ́ náà sọ Broome sẹ́wọ̀n ní 1826. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń sunkún ajá tó kú, tó bèèrè pé ṣé òun á tún rí i, ẹ má fi irọ́ dá a lóhùn, ẹ má sì fi ìdáhùn líle gbá a lẹ́nu. Ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run tó dá ajá náà mọ̀ ọ́n, kò gbàgbé rẹ̀, Ó sì dára ju bí a ṣe rò lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló ní ẹsẹ lẹ́yìn. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ yé bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹran rẹ̀ wí bí ẹni tó ń bọ òrìṣà. Arúgbó tó ń dá gbé, tó jẹ́ pé ajá nìkan ló ń dìde nígbà tó bá wọlé, ohun ńlá ló pàdánù. Nígbà tí Nátánì fẹ́ kí ọkàn Dáfídì gbọgbẹ́ nínú 2 Sámúẹ́lì 12, ìtàn ọ̀dọ́ àgùntàn tó ń jẹ nínú oúnjẹ tálákà tó ni ín, tó ń sùn láyà rẹ̀, tí ọlọ́rọ̀ kan wá gbà pa, ló sọ. Ọba bínú gidigidi. Kò sọ pé àgùntàn lásán ni.

Àpọ̀jù wà lápá kejì náà. Katikísímù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ Kátólíìkì, tó jáde ní 1992, sọ méjèèjì: fífi ìyà jẹ ẹranko láìnídìí lòdì sí iyì ènìyàn, a lè fẹ́ràn ẹranko, ṣùgbọ́n kò yẹ ká gbé ìfẹ́ tó tọ́ sí ènìyàn nìkan fún un. Ẹni tí ajá rẹ̀ ń jẹ àjẹyó tí kò sì bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀, kó tún ilé rẹ̀ ṣe.

Bí dókítà ẹran bá sọ pé àìsàn náà kò ní ìwòsàn mọ́, tí ìrora sì ti pọ̀ jù, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti gbà kó gún ẹran náà lábẹ́rẹ́ kó lè sùn lọ. Àṣẹ tí a fún Nóà lórí ẹranko nínú Jẹ́nẹ́sísì 9 fàyè gbà á, àánú tí Òwe 12:10 ń sọ sì lè béèrè rẹ̀. Nípa àdúrà, àwọn ará Nínéfè da aṣọ ọ̀fọ̀ bo ẹran ọ̀sìn wọn nígbà tí wọ́n ń ké pe Ọlọ́run, Ọlọ́run náà sì ka ẹran mọ́ àwọn tí Ó ṣàánú fún nínú ìlú tó ní ju 120,000 ènìyàn lọ. Ẹ gbàdúrà fún ẹran tó ń ṣàìsàn láìtijú, kí ẹ sì tètè pe dókítà ẹran pẹ̀lú.