Kẹ́ẹ̀gì wo ló yẹ kí á máa fi gbé bẹntiróò fún ẹ̀rọ agékoríko?

Agékoríko Ìbàdàn: Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ará. Gígé koríko àyíká ilé ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo fẹ́ kí á jọ yanjú. Agbára káká ni ẹ fi máa rí ẹni tó ní ẹ̀rọ agékoríko tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré nílùú wa tí kì í fi kẹ́ẹ̀gì òróró, ìyẹn aláwọ̀ ìyeyè oní-lítà 25, ra bẹntiróò. Mo ní kí á jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Òróró ni wọ́n ṣe ìdérí rẹ̀ fún. Bí bẹntiróò bá ti ń kan rọ́bà inú ìdérí náà lemọ́lemọ́, yóò wú, yóò sì rọ̀ títí tí kò fi ní dé dáadáa mọ́, ni oníkálukú yóò bá wá ọ̀rá wé ẹnu kẹ́ẹ̀gì kí ó tó fi ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ lọ wo ti ilé yín. Bí ẹ bá bá ọ̀rá lábẹ́ ìdérí, kẹ́ẹ̀gì yẹn kò yẹ ní ohun tí a ń gbé bẹntiróò sí.

Bàbá Mẹkáníìkì: Àbúrò, mo gbà pé ìdérí rẹ̀ kò dára tó, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á tìtorí ìdérí da kẹ́ẹ̀gì nù. Yí ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn sókè, wàá rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà 2 wà nínú rẹ̀. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò náà nìyẹn. Bẹntiróò kì í jẹ ike yẹn. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó bá ń sùn síta lójoojúmọ́ yóò ṣì láwọ̀, yóò gan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán níbi tí ọwọ́ ìmú ti so mọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sílé epo. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká òmíràn, kí ó wá ìdérí tuntun tó dé pinpin, kí ó sì máa gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí abẹ́ òjìji.

Ará Houston: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Irú ike kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yàtọ̀. Bẹntiróò máa ń gba ara ike lásán jáde díẹ̀díẹ̀ láìsí pé kẹ́ẹ̀gì náà lu. Òórùn rẹ̀ nìkan ni a ó máa gbọ́ nínú yàrá. Kẹ́ẹ̀gì pupa tí à ń lò níbí, wọ́n ti fi èròjà tọ́jú ike rẹ̀, tàbí kí wọ́n mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, kí epo má bàa rọ́nà gbà. Láti ọdún 2009 ni òfin EPA, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹnu rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún 2020 tún ní kí èyí tí wọ́n bá ṣe láti oṣù Keje ọdún 2023 ní ohun tó ń dènà iná lẹ́nu, tó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀n kékeré, kí iná tó bá ràn mọ́ afẹ́fẹ́ epo níta má lè wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Mo ka àwọ̀n yẹn sí pàtàkì ju ohunkóhun mìíràn lọ lára rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ epo tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ló ń bú gbàmù, pàápàá nígbà tí epo bá ti kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá Ọgbà, Maryland: Àbúrò mi, àwọ̀n yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu tó ń pa ara rẹ̀ dé yẹn yangàn púpọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá le mọ́ kò lè fi ọwọ́ kan tẹ ẹnu rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ kejì gbé kẹ́ẹ̀gì tó kún. Nítorí pé kò sí ihò atẹ́gùn lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti àtijọ́, epo kì í ṣàn geere. Ó ń dá dúró, ó ń tú jáde lójijì, ó sì ń dà sórí ẹ̀rọ tó ṣì gbóná. Àwa tí à ń lò ó pariwo títí, kí àjọ EPA tó sọ ní ọdún 2025 pé àwọn tó ń ṣe é lè fi ihò atẹ́gùn sí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ènìyàn ra kékeré. Kẹ́ẹ̀gì gálọ́ọ̀nù 5 tó kún tó nǹkan bíi kílò 14. Oní-gálọ́ọ̀nù kan tàbí méjì tó fún ọgbà ilé. Epo ibí ní ọtí nínú, ó sì máa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà kò dára kí á rà á pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba agolo irin? Èyí tí àwọn ará Jámánì ṣe ní ọdún 1937, oní-lítà 20, ni wọ́n ṣì ń ṣe àwòkọ rẹ̀ títí di òní. Ó ní ọwọ́ ìmú mẹ́ta, kí ènìyàn méjì lè jọ gbé ọ̀kan tó kún, kí ẹnì kan sì lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé méjì tó ṣófo. A kì í yí ìdérí rẹ̀. Ńṣe ni à ń tì í pa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, agolo àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń jò débi pé wọ́n gbé tiwọn jù sílẹ̀, wọ́n sì ṣe irú ti ọ̀tá wọn.

Bàbá Mẹkáníìkì: Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ro ti òjò wa. Bí agolo irin bá wà ní ìlàjì lásìkò òjò, omi yóò sẹ̀ sí ara rẹ̀ nínú, yóò sì dógùn-ún. Ihò tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀ ẹ̀rọ agékoríko kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Eruku ìpẹtà díẹ̀ ti tó láti dí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, nínú kẹ́ẹ̀gì tàbí agolo ni àrùn rẹ̀ ti wá. Ẹ da ìsàlẹ̀ epo náà sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ ó rí omi àti ìdọ̀tí nísàlẹ̀. Kí àrọ tí ẹ fi ń dà á ní àwọ̀n nínú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ kò tíì jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kẹ́ẹ̀gì ìyeyè kan náà ni òróró, epo pupa, kẹrosíìnì àti bẹntiróò ń gbé, ẹ̀yìn ilé ìdáná kan náà ni wọ́n sì ń tò wọ́n sí. Ọmọ tí wọ́n rán pé kí ó lọ bu kẹrosíìnì sínú sítóòfù lálẹ́ tí kò sí iná, báwo ni yóò ṣe mọ ìyàtọ̀? Kẹrosíìnì kì í tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde àfi bí ó bá gbóná tó nǹkan bíi ìwọ̀n 38 Celsius, ṣùgbọ́n bẹntiróò ń tú tirẹ̀ jáde kódà nínú òtútù yìnyín. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń gbà lọ títí yóò fi kan iná tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó sún mọ́ ọn. Èmi kò bá yín jà lórí ike tàbí irin. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí bẹntiróò ní àwọ̀ tirẹ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i lára, kí ó sì má ṣe wọ inú ilé rárá.

Ará Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Níbí, pupa ni ti bẹntiróò, búlúù ni ti kẹrosíìnì. Ti dísù ni ìyeyè, àwọ̀ tí ó jẹ́ ti òróró lọ́dọ̀ yín, nítorí náà ẹni tó bá ń fi kẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́ sílé gbọ́dọ̀ ṣàlàyé.

Olùta Epo, Abẹ́òkúta: Ilé epo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà púpọ̀ sì ni ìjọba ti fòfin de títa bẹntiróò sínú kẹ́ẹ̀gì nígbà ọ̀wọ́n epo. Kẹ́ẹ̀gì tó bá wù kí ẹ gbé wá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná máa ń gbárajọ sára ike bí epo bá ń ṣàn wọnú rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá wà lórí ilẹ̀, iná náà á rọ́nà lọ. Bí ó bá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì bùútù ọkọ̀, kò rọ́nà lọ, ó sì lè ṣáná lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì gan-an. Ẹ má sì ní kí á kún un dé ẹnu. Bí ìwọ̀n ooru bá fi 15 Celsius lé sí i láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán, bẹntiróò lítà 25 yóò fi ohun tó lé ní 300 mílílítà fẹ̀ sí i. Kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin gan-an ni ìyẹn máa ń mú wú pọnpọn bí kò bá sí àyè.

Agékoríko Ìbàdàn: Ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Mi ò tíì yí ohùn padà lórí kẹ́ẹ̀gì òróró, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ti Ìyá Ọgbà pé kékeré ló dára. Oní-lítà 5 rọrùn fún àwa tí ẹ̀rọ wa ń lo àdàlù bẹntiróò àti ọ́ìlì: bí ó bá jẹ́ bẹntiróò 50 sí ọ́ìlì 1, ọ́ìlì mílílítà 100 ni, bí ó bá jẹ́ 25 sí 1, 200 ni. A ó kọ ọ́ sí i lára, kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí á wá ṣe sí àwọn èyí tó ti gbó?

Bàbá Mẹkáníìkì: Má tà á fún àwọn tó ń ra kẹ́ẹ̀gì kiri. Ọṣẹ kò lè fọ bẹntiróò kúrò lára ike, ẹlòmíràn yóò sì rọ epo pupa tàbí omi mímu sínú rẹ̀. Ṣí i sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, jìnnà sí iná, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, kí o wá fi ọ̀bẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ ní ojú méjì mẹ́ta. Má fi irin gbígbóná lu ú.