Lọ́yà tó fi kóòtù sílẹ̀ kò fi ẹjọ́ sílẹ̀

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkẹjà ni bàbá kan tún ti sọ ọ́ sí mi: "Ọmọ mi, ṣé o ṣì ń ṣe lọ́yà? Wọ́n ní báńkì lo wà báyìí, o ò wọ wíìgì mọ́." Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò fèsì, torí àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ọdún 8 ni mo fi gbẹjọ́ rò ní ṣáńbà kan, ìyẹn ilé iṣẹ́ àwọn lọ́yà, l'Ékòó kí n tó bọ́ sí ẹ̀ka òfin báńkì. Òótọ́ ni pé n kì í dìde níwájú adájọ́ mọ́. Òfin ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀: òfin ìwà àwọn lọ́yà ní lọ́yà tó ń gba owó oṣù kò gbọdọ̀ gbẹjọ́ rò ní kóòtù fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Lọ́yà ìjọba ló yọ sílẹ̀.

Ta ló wá ń to ẹjọ́ náà kí ó tó dé kóòtù?

Ẹ wo abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011. Ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, irú bí àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó jáde, nílò ìwé ìjẹ́rìí pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti pé iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń lò ó fún déédéé. Nígbà tí mo wà ní ṣáńbà, oníbàárà wa kan gbé ìwé báńkì wá láìsí ìwé ìjẹ́rìí yìí. Lọ́yà kejì takò ó, adájọ́ kò gbà á wọlé. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kò sí bí mo ṣe lè rojọ́ tó tí yóò mú un padà. Ní báńkì, èmi ni mò ń jókòó ti ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, tí mò ń bi í léèrè títí tí yóò fi fọwọ́ sí ìwé náà, kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ wa. Èmi náà ni mò ń ka ọjọ́ orí gbèsè, torí ọdún 6 ni òfin Èkó fún ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́ lórí àdéhùn lásán.

Wọ́n ní owó ló gbé wa lọ. Kí ni owó oṣù mi yọ kúrò nínú ìmọ̀ òfin mi?

Oyè SAN, ìyẹn oyè àgbà lọ́yà ilẹ̀ wa, nìkan ni mo gbà fún wọn. Ẹni tó ń fi ẹjọ́ rírò wá oyè náà gbọ́dọ̀ ní ẹjọ́ tó rò títí dé Kóòtù Gíga Jù Lọ, ibẹ̀ sì le fún wa.

Ẹlẹ́rìí wa kan ń lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé. Lálẹ́ àná, èmi àti ẹ̀ la jọ ka gbogbo ohun tó búra sí, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, títí aago 9 fi lù.