Blockchain Kì í Yẹ Góòlù Wò

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa ọmọ Okun, láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, pàápàá lórí WhatsApp: bí nǹkan bá ti wà lórí blockchain, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ kan tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní kò lè jẹ́ ayédèrú mọ́. Ẹnìkan á ní òun ń ta tókìn, àmì orí kọ̀ǹpútà tó dúró fún góòlù ilẹ̀ Yàgbà, á fi líǹkì ránṣẹ́. Bí ẹ bá béèrè ẹ̀rí, èsì kan náà ni: "Ṣé ẹ ò rí i pé orí blockchain ló wà ni?" Ẹ̀rí kọ́ nìyẹn. Blockchain ò parọ́ o, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí kì í gbàgbé ni. Bí alága bá ní owó wà nínú àpótí, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó wà nínú àpótí, kò sì sí ẹni tó lè yọ́ wá pa á rẹ́ lóru. Ṣùgbọ́n kò ní dìde lọ ṣí àpótí wò. Bí Bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe ń ṣiṣẹ́ láti 2009 nìyẹn. Bitcoin ò sì ní ìṣòro àpótí yìí rárá, nítorí inú ìwé náà ni owó rẹ̀ wà. Kò sí ohun kan níta tí ẹnikẹ́ni ní láti lọ wò. Nígbà tí Ethereum, blockchain mìíràn, dé ní 2015, tí smart contract bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀, ìyẹn àdéhùn tó ń san owó fúnra rẹ̀ bí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ bá ti ṣẹ, làwọn èèyàn wá fẹ́ fi góòlù, ilẹ̀ àti ilé sí i. Smart contract ò lójú. Ẹnìkan níta ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé nǹkan ti ṣẹ. Oracle ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pe olùsọ bẹ́ẹ̀. Ti iye owó góòlù lọ́jà àgbáyé ò le púpọ̀: ọ̀pọ̀ ibi ni iye náà wà, kí olùròyìn púpọ̀ mú tiwọn wá, kí wọ́n mú èyí tó bọ́ sí àárín. Ìdì góòlù kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá kan ní Ìsánlú ńkọ́? Ẹni tó ń tà á nìkan ló rí i.

Àwọn tó ń fọ góòlù létí odò níbí mọ̀ pé ojú lásán ń tanni. Òkúta pyrite ń dán bíi góòlù, ṣùgbọ́n ẹ fi òòlù lù ú, á fọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Góòlù á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ kán ásíìdì nitric sí idẹ, á hó, á sì yọ àwọ̀ ewé. Góòlù ò ní dáhùn. Ẹ wọ̀n ọ́ nínú omi: gíráàmù 19.3 ni góòlù ń wọ̀n nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, idẹ ò tó 9. Ó ku irin tungsten, òun ló ń da àgbà láàmú. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 19.25. Bí wọ́n bá fi góòlù bo tungsten, òṣùwọ̀n á gbà á, omi á gbà á, ẹ̀rọ XRF tó ń fi ìtànṣán X dá irin mọ̀ pàápàá á gbà á, torí òkè ara nìkan ló ń rí. Àfi kí wọ́n lu ihò sí i, tàbí kí wọ́n rán ìró gba inú rẹ̀: nǹkan bíi mítà 3,240 ni ìró ń sá nínú góòlù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú tungsten ó ju 5,000 lọ. Kò sí èyí tí blockchain ń ṣe nínú gbogbo wọn.

Ní 2020 ni àṣírí tú ní Wuhan, ní Ṣáínà, pé nínú tọ́ọ̀nù góòlù 83 tí ilé-iṣẹ́ Kingold fi dúró láti yá nǹkan bíi bílíọ̀nù yuan 20, bàbà tí wọ́n fi góòlù bò wà níbẹ̀. Ìwé wà, ìdíyelófò wà. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ sórí blockchain, bàbà náà ni ì bá ṣì jẹ́, kìkì pé kò ní ṣeé parẹ́ mọ́ pé góòlù ni wọ́n pè é. Ní Rotterdam, ní ilẹ̀ Netherlands, ní 2023, òkúta ni wọ́n bá nínú àwọn àpò tí ìwé ọjà irin London ní nickel ló wà nínú wọn, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 54.

Àwọn kan á ní, nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń lẹ ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà mọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ ìpo, aṣọ pupa àtijọ́ tí wọ́n mọ Bùnú mọ́. Ẹ rán ẹ̀rọ náà mọ́ ọn létí, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí blockchain. Ẹni tó bá ní abẹ, á tú u, á rán an mọ́ aṣọ tí wọ́n hun lánàá. Nọ́ńbà ṣì pé pérépéré.

Ti ilẹ̀ kò gùn. Òfin ilẹ̀ 1978 ni ilé-ẹjọ́ ń wò, àti àṣẹ gómìnà. Bí olórí ẹbí ò bá mọ̀ sí i, tí kò sì sí nǹkan kan ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, tókìn yín kò ní lé ẹni tó ti ń gbin iṣu síbẹ̀ kúrò.

Mi ò ní blockchain ò wúlò. Ó ń dí ẹni tó fẹ́ ta tókìn kan fún èèyàn méjì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò dí i lọ́wọ́ láti fi góòlù kan náà dúró ní báńkì mìíràn. PAX Gold, tó ti wà láti 2019, ní tókìn kan dúró fún áúnsì góòlù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn gbà á gbọ́ ni ilé ìpamọ́ góòlù tó ń tọ́jú rẹ̀, àwọn aṣírò-owó tó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò àti ìjọba New York tó kọ́kọ́ fún un láṣẹ. Èèyàn ni gbogbo wọn, a sì lè pè wọ́n lẹ́jọ́.

Nítorí náà, bí líǹkì náà bá tún dé, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè ẹni tó dán góòlù náà wò, ohun tó fi dán an wò, ibi tí wọ́n kó o sí. Ẹ wò ó bóyá SEC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, mọ̀ wọ́n, torí òfin 2025 ti fi ọjà tókìn sábẹ́ àbójútó wọn. Kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ẹ lè dá tókìn padà lónìí kí ẹ gba góòlù sọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní "a ò tíì dé ibẹ̀", tókìn nìkan lẹ fẹ́ rà yẹn.