Ẹ má sọ fún ará Ayétòrò pé kó kó kúrò

Ìgbàkúgbà tí fídíò Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Òndó, bá tún jáde, tí ìgbì ń gbá pákó ilé lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń bá lábẹ́ rẹ̀: "Kí ló dé tí wọn ò kó kúrò níbẹ̀?" Ó máa ń dùn mí wọra, torí ọmọ ibẹ̀ ni ìyá mi.

Etíkun Ìlàjẹ kò jọ ti Èkó. Kì í ṣe yanrìn, ẹrẹ̀ ni, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Orí ẹrẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà kan tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí tẹ ìlú dó sí lọ́dún 1947, wọ́n ń wá ibi tí ayé yóò ti tòrò fún wọn. Wọ́n ri igi mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e, wọ́n fi pákó ṣe afárá láti ilé dé ilé. Ẹja tí apẹja pa, aṣọ tí télọ̀ rán, ọkọ̀ tí káfíńtà kàn, ti ìlú ni gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù; àpò ìlú ló ń bọ́ wọn, òun ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Ní àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣì ń tan àtùpà. Bí 20 ọdún ni wọ́n fi gbé irú ìgbé ayé yìí. Èmi ò mọ ìlú Yorùbá mìíràn tó dán irú rẹ̀ wò.

Nígbà tí èmi àti màámi lọ kẹ́yìn, a rìn dé ibi tí afárá ti já, ìṣó tó ti dípẹtà ṣì yọrí lára pákó. Màámi na ọwọ́ sójú omi: "Ibi tí ìgbì yẹn ti ń fọ́, ibẹ̀ ni ilé ìdáná wa." Obìnrin kan tó ń yan edé lẹ́yìn wa bi í pé ọmọ ta ni. Màámi dárúkọ ilé wọn. Obìnrin náà jù àgbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Ilé tó ti wà nísàlẹ̀ òkun ni wọ́n fi dá ara wọn mọ̀.

Ibo gan-an lẹ fẹ́ kí wọ́n kó lọ? Apẹja tí ẹ bá kó lọ sókè ilẹ̀, kí ni yóò máa ṣe jẹun? Ìgbà tí òkun ń ya wọ Bar Beach l'Ékòó, ta ló sọ fún ará Victoria Island pé kó dẹrù? Òkúta ni wọ́n kó wá dí i. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ti kéde iṣẹ́ ìdènà òkun fún Ayétòrò, omi ò sì yéé wọlé. Òkúta náà ni ará Ayétòrò ń bèèrè, wọn ò bèèrè ilé ọ̀fẹ́.

Màámi ti ń ya afárá náà sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi, ilé ta ló tẹ̀lé ilé ta. Ó ti dé ilé kẹrìndínlógún. Ẹ̀yin ọmọ Ayétòrò tẹ́ ẹ bá rántí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.