Kí Tẹlifíṣọ̀n Ìjọba Yé Gba Owó Lọ́wọ́ Ẹni Tó Gbé Eré Wá

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Amaka Igwe, obìnrin tó kọ eré tẹlifíṣọ̀n Checkmate, kú sí Enugu, ní ẹni ọdún 51. Ìyìn tó gbà lẹ́yìn ikú rẹ̀ pọ̀, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ètò tó bá nídìí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò tíì yàtọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí NTA àti àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ jáwọ́ nínú títa àkókò fún ẹni tó gbé eré wá fún wọn.

Ẹni tó bá wo Checkmate lórí NTA ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 kò ní gbàgbé Chief Fuji, ọlọ́rọ̀ oníyàwó púpọ̀ tí Kunle Bamtefa ṣe. Eré tó le ni Checkmate, ọ̀rọ̀ òwò ìdílé àti ìkórìíra ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n Igwe rí i pé ẹ̀rín ń bẹ nínú ilé ọkùnrin yìí, ó sì yọ ilé náà sọ́tọ̀, ó fi ṣe Fuji House of Commotion. Ọmọ Igbo ni obìnrin yìí, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ló ti kàwé. Bóyá níbẹ̀ ló ti gbọ́ bí ìyálé ṣe ń pòwe mọ́ ìyàwó. Ọkọ kan, àwọn ìyàwó tí ìlú wọn ò papọ̀, tí Ngozi Nwosu ṣe Peace láàrin wọn, àti ariwo tí kì í tán nílé: àwọn kan ń fojú kéré irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣìnà. Ẹni tó ń darí eré ẹkún lè fi orin arò gbe ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó. Ní ti eré ẹ̀rín, bí òṣèré bá pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì, ẹ̀rín ti lọ nìyẹn, àtúnyà ló kù, owó sì ni àtúnyà.

Ta ni ń san owó ọ̀hún? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó sanwó fún òṣèré, tó yá kámẹ́rà, tó ra epo jẹnẹrétọ̀, ni yóò tún lọ ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí yóò sì máa wá onígbọ̀wọ́ kiri. Bí ẹni tó ń polówó ọṣẹ bá yí ọkàn padà, eré kú láìparí nìyẹn. Ní Bìrìtéènì, BBC ló ń sanwó fún ẹni tó bá a ṣe eré. Ọjà BOBTV tí Igwe dá sílẹ̀, níbi tí àwọn tó ń ṣe eré àti àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti lè dúnàádúrà, fi hàn pé ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

A mọ̀ pé àwọn alákòóso yóò ní kò sówó. Òótọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó lè pín èrè: kí wọ́n gba eré tó dára wọlé fún ọ̀sẹ̀ 13 láìgba kọ́bọ̀, kí àwọn àti ẹni tó ṣe é jọ pín owó ìpolówó tó bá tibẹ̀ wọlé, kí àdéhùn náà sì wà ní àkọsílẹ̀. Ìbàdàn ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ rí Bàbá Sàlá. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi BCOS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, kó má dúró de Àbújá.