Kò dìgbà tí tíṣà bá ní mílíọ̀nù náírà

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ pé tíṣà tí kò bá ní mílíọ̀nù náírà láti fi ra sọ́fítíwia, kó má wulẹ̀ dá kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ yìí sì lè mú kí àwọn tó mọṣẹ́ dunjú fà sẹ́yìn.

Moodle, sọ́fítíwia kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò, ọ̀fẹ́ ni láti ọdún 2002 tó ti jáde. Lóòótọ́, ẹ máa sanwó ibi tí ẹ bá gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ogún akẹ́kọ̀ọ́ kò tiẹ̀ nílò Moodle. Àkáǹtì Gmail lásán tó fún Google Classroom: ẹ fi kóòdù ránṣẹ́, àwọn ọmọ á wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti fi iṣẹ́ àmúrelé sílẹ̀. Zoom ọ̀fẹ́ sì ń gba èèyàn 100 fún ìṣẹ́jú 40.

Dátà ló ń jẹ owó jù. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọn pé fídíò ni gbogbo ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́. Tíṣà ìṣirò lè fi báírò ṣe iṣẹ́ náà sínú ìwé, kó ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, kó wá fi ohùn ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí nẹ́tíwọ̀kì ò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ á gbọ́ ọ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé.

Ẹ dákun, ẹ bá wa tún ohun tí ẹ kọ yẹn ṣe, torí àwọn èèyàn ti ń pín in kiri.