Kì í ṣe fóònù ló mú àwọn ọ̀dọ́langba, èsì ni

Lóru ọjọ́ kan, mo dìde láti mu omi, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ fírífírí lábẹ́ aṣọ ìbora ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ mi. Aago kan ti lù. Ọmọ ọdún 15 ni. Mo ká aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀, ìbínú ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò tẹ nǹkan kan. Kò wo fídíò, kò ṣe géèmù. Ó kàn gbé fóònù síwájú ni, ó tẹjú mọ́ ọn. Lókè ojú fóònù ọ̀hún, ó hàn pé ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ń tẹ nǹkan lọ́wọ́. Ó parẹ́. Ó tún yọ. Ó tún parẹ́.

"Kí lò ń ṣe tí o ò tíì sùn?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ó fẹ́ fèsì ni."

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, làwa méjèèjì bá jọ ń wò ó. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, kò pẹ́ rárá tí àyà tèmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Nígbà tí èsì ọ̀hún máa wọlé, "ok" ni. Lẹ́tà méjì péré. Ọmọ náà wò mí lójú: "Àǹtí, ṣé 'ok' ìbínú nìyí àbí 'ok' lásán?"

Àgbàlagbà bíi tèmi ò rí ìdáhùn sọ.

Láti òru yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú pípariwo pé fóònù ti di bárakú fún àwọn ọ̀dọ́langba. Èsì ló di bárakú. Ẹni tó bá gba fóònù lọ́wọ́ wọn ti gba ilẹ̀kùn, àlejò tí wọ́n ń retí ṣì wà lójú ọ̀nà nínú ọkàn wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ B. F. Skinner ti fi ẹyẹlé àti eku wádìí irú nǹkan báyìí láyé ìgbà kan. Ó ṣe ohun kan tí ẹyẹ máa fi àgógó ẹnu rẹ̀ sọ kí oúnjẹ tó bọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣe pé ìgbàkigbà tó bá sọ ọ́ ni oúnjẹ ń bọ́, tí wọ́n bá wá dá oúnjẹ dúró, kò ní pẹ́ tí ẹyẹ á fi pa á tì. Àmọ́ bí oúnjẹ bá ń bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó mọ ìgbà tó máa bọ́, ẹyẹ náà ò ní yéé sọ ọ́ bọ̀rọ̀. Ohun tó ń mú onítẹ́tẹ́ jókòó ti ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ nìyẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ò yàtọ̀: o ò mọ ìgbà tó máa wọlé, o ò mọ̀ bóyá dídùn ni tàbí kíkorò. Bó bá jẹ́ dídùn nígbà gbogbo ni, ó ṣeé ṣe kó ti sú wọn.

Ẹ sì wò ó, kò rí báyìí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992, Neil Papworth fi kọ̀ǹpútà fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí fóònù Richard Jarvis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti kí i kú ọdún Kérésì. Jarvis ò fèsì, torí fóònù ìgbà yẹn ò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó kọ́kọ́ wáyé láyé ò gba èsì, kò sì sí ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀. Kódà nígbà tí àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tá à ń gé ọ̀rọ̀ kúkúrú kó má ju lẹ́tà 160 lọ, a máa ń fi ránṣẹ́ ni, a ó sì gbàgbé. Bóyá ó kà á, bóyá kò kà á, Ọlọ́run ló mọ̀.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2014, WhatsApp gbé máàkì búlúù méjì dé, tó ń fi hàn pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wàhálà ti gbilẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tí kò fèsì lè máa sùn. Nísinsìnyí, ó ti kà á, ó sì dákẹ́! Ọmọ ọdún 15 máa wá fi gbogbo òru túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Snapchat, áàpù tí wọ́n fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́ síra wọn, tiẹ̀ tún ń ka ọjọ́ fún wọn: bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ò bá fi nǹkan ránṣẹ́ síra yín láàárín wákàtí 24, iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kó jọ á parẹ́. Àgbàlagbà ló jókòó ṣe èyí, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ tí apá ibi tó ń kóni níjàánu nínú ọpọlọ rẹ̀ ò tíì gbó tán ni wọ́n gbé e fún.

Mi ò ní pè é ní àìsàn o. Ìwé àkójọ àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2022 ka géèmù àṣejù mọ́ àìsàn, kò ka àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wákàtí 8 sí 10 làwọn onímọ̀ nípa oorun ní kí ọ̀dọ́langba máa sùn. Ta ló ń sùn tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn?

Àwa òbí pàápàá dá kún un. Àwa là ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sọ́mọ, tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá, a ti ń pariwo pé, "Mo rí i pé o ti kà á, kí ló dé tí o ò dáhùn?"

Ohun tá a ṣe nílé kò le. A pa máàkì búlúù náà (tìrẹ ò ní hàn mọ́, tẹlòmíì náà ò ní hàn sí ọ, ìyẹn ló dáa jù níbẹ̀). Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ọmọ náà á kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ti ń lọ sùn, ó dàárọ̀ o," kí tọ̀hún náà lè yéé dúró. Gbogbo fóònù ilé á wá sùn lórí tábìlì pálọ̀, tèmi náà ńbẹ̀.

Lálẹ́ kẹta, mo yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sí pálọ̀ nínú òkùnkùn, mo ní kí n kàn wò ó bóyá ẹnì kan ti fèsì ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án. Mi ò tíì fọwọ́ kan tábìlì tí mo fi gbọ́ ohùn láti inú yàrá:

"Àǹtí?"